Àwọn Ìwé Ìbò Tí Mo Ṣà Nílẹ̀

Ilé Ìyá Rẹ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Àtijọ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Agbẹnusọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà a máa béèrè bóyá ara le, ṣùgbọ́n èmi ò ní béèrè, nítorí mo fi ojú ara mi rí ọ ní kóòtù. O ti sanra díẹ̀, ojú rẹ ń dán, aṣọ dúdú iṣẹ́ rẹ sì bá ọ mu bí ẹni pé inú rẹ̀ ni mo bí ọ sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ní tèmi, orúnkún ọ̀tún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ibi rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, oorun nìkan ni kò fẹ́ mọ̀ mí mọ́. Àwọn ará àdúgbò ń kí ọ. Àwọn tó ṣì ń kí èmi fúnra mi ni mo ń sọ.

O lè máa rò pé kí ni mo tún fẹ́ sọ fún ọ nípa ìdìbò yìí, ìwọ tí o mọ gbogbo ìwé ẹjọ́ náà láti orí dé ìdí. Òótọ́ ni, o mọ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, o ò sí níbẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí adájọ́ ti dìde, o ò dúró gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, jọ̀wọ́ ká ìwé yìí pa títí wàá fi délé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń kà láàárín èrò.

Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò ń wá ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá ibùdó ìdìbò tiwa, ní kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo orúkọ tí ẹgbẹ́ kan bá mú wá ni ẹgbẹ́ kejì ń kọ̀. Tèmi nìkan ni wọn ò rí kọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ni mo ń ṣe, nítorí ọwọ́ mi yìí ni mo fi gba ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì sáyé, ìhòòhò ni gbogbo wọn sì wá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, màá sọ òótọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí, kò sí ẹni tó tún ń kanlẹ̀kùn mi pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ kíá. Mo lọ aṣọ funfun mi àtijọ́, mo kun bàtà mi, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́ wa, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó fi ẹ̀rọ tuntun hàn wá: òǹdìbò yóò kun ìwé rẹ̀, yóò tì í sí ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ̀rọ yóò gbé e mì, iná àwọ̀ ewé yóò sì tàn. Ó ka òfin fún wa. Òfin ní ohun tí a ń pè ní ètò ìdìbò kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Ìwé ìbò wà nínú rẹ̀, ìwé ìlànà wà nínú rẹ̀, àpótí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà sì wà nínú rẹ̀, èyí tí a ó máa fi ìwé sí bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tí òfin pè ní dídì ìbò. Ó ní ìbò di dídì nígbà tí òǹdìbò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìwé rẹ̀ sínú ètò náà, tí ìwé náà sì wà níbẹ̀ títí di àkókò kíkà. Ẹnìkan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó yẹ kí òfin máa ṣàlàyé ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Kí n rán ọ létí ohun tí a ń du, nítorí ó pẹ́ tí o ti wálé. Nígbà tí o kúrò níbí, ẹ̀yìn òkè ni kúárì wà, ìró rẹ̀ a sì máa dé ọ̀dọ̀ wa bí ìgbà tí ẹnìkan ń ti ilẹ̀kùn lọ́nà jínjìn. Báyìí, òkè náà ti tán. Bí wọ́n bá fọ́ òkúta láàárọ̀, abọ́ á máa bára wọn sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Aṣọ tí a bá sá, eruku ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí ń bí ọmọ tó ń húkọ́ kó tó mọ ẹ̀rín-ín rín. Ẹni tó ni kúárì náà, tí gbogbo wa ń pè ní Òkúta-Dowó, fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kó wá dé ẹ̀yìn òpópónà wa gan-an, ẹni tó bá sì wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú láti àdúgbò wa ló ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Òkúta-Dowó ò rán ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde du ipò náà.

Ẹni tí àwọn èèyàn wa fà kalẹ̀ ni oníwẹ́dà tó wà ní ìkángun òpópónà, èyí tí ẹ máa ń pè ní Sọ̀rọ̀-Jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Kò tíì yí padà. Bó bá ń bá èrò sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á ní kí àwọn tó wà níwájú má mí. Kò ṣe ìlérí kankan ju ẹyọ kan lọ. Ó ní bí wọ́n bá gbé ìwé kúárì síwájú òun, òun ò ní fọwọ́ sí i, kódà bí wọ́n bá fi gègé wúrà lé òun lọ́wọ́. Èèyàn gbà á gbọ́, nítorí kò sí ẹni tó tíì rí i kó yẹ àdéhùn.

O rántí Bàbá Afọ́kùúta? Ọkùnrin gíga tó máa ń gbé ọ kọjá àgbàrá bí òjò bá rọ̀. Kúárì ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi tán. Dókítà ní eruku òkúta ti di òkúta nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Alápò, ló ń fi iṣẹ́ àpò rírán bọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò dìbò rí láyé rẹ̀. Ó ní àwọn olóṣèlú dà bí ìtàkùn, ibi kan náà ni gbogbo wọn ń gbà gùn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ní bí wọ́n bá máa gbé òun dé ibẹ̀ lórí ibùsùn, òun á lọ.

Ọjọ́ ìdìbò mọ́ rekete. Àwọn ará iwájú títì, níbi tí àwọn ọ̀gá kúárì ń gbé, wọ ọkọ̀ wá láàárọ̀ kùtù, wọ́n dìbò, wọ́n lọ. Ẹ̀rọ ń gbà á lọ́wọ́ wọn bí ewúrẹ́ tí ń gba ewé. Àwọn tiwa, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dé nígbà tí oòrùn ti gòkè. Ọ̀wọ́ tò láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì dé ìdí kànga ilé ẹ̀kọ́. Àárín wọn ni ẹ̀rọ ti há ìwé kan sẹ́nu, ó tan iná pupa, ó sì dákẹ́. Mo pe àjọ, wọ́n ní kí n lo àpótí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀. Mo pe aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì, mo ṣí ẹnu àpótí náà lójú wọn, mo sì kéde fún àwọn tó wà lórí ìlà. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ẹni tó máa tún un ṣe, kò dé títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí.

Bàbá Afọ́kùúta dé lẹ́yìn náà, Ìyá Alápò dì í mú lápá kan, ọ̀pá wà lápá kejì. Àwọn èèyàn ní kó máa bọ̀ níwájú, ó kọ̀, ó ní òun náà fẹ́ tò bí ọmọ ìlú. Mo gbé àga ọmọ ilé ìwé kan fún un. Bí ìlà bá sún, a ó gbé àga sún, á tún jókòó. Nígbà tó kàn án, ó kun ìwé rẹ̀, ó ká a, ó sì fi sínú àpótí ẹ̀gbẹ́. Ó wò mí lójú, ó béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé mo ti dìbò báyìí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ ti dìbò." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé orí àpótí náà bí ìgbà tí èèyàn ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ sáyé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ baba tó rí ọmọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni òjò sọ̀ lójijì. Gbogbo ìlà ya wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rọ́ lu ẹ̀rọ. Kò ṣubú, ṣùgbọ́n ìkọ́ tó de ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àpótí ẹ̀gbẹ́ náà já. Àwọn aṣojú méjèèjì pẹ̀lú ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bẹ èèyàn kí wọ́n má tẹ ọmọdé pa. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo tú ìborí orí mi, mo fi so ilẹ̀kùn náà. Kò tíì pẹ́ tí mo so ó tí wọ́n tún rọ́ lù ú, ìborí yọ̀, ìwé díẹ̀ sì já bọ́ síwájú mi. Mo ṣà wọ́n bí wọ́n ṣe wà, ní kíká, mi ò tú ọ̀kankan wò, mo dá wọn padà, mo sì ta á ní kókó méjì. Nígbà tí àwọn aṣojú padà wá, mo fi ìkọ́ tó já hàn wọ́n. Wọ́n wo ìborí mi, wọ́n ní kò burú. Ti ìwé tó já bọ́, kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ ọ́. Bí ọmọ tuntun bá yọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹni tí a sì gbé e padà, a kì í pe ìpàdé lé e lórí pé bóyá ọmọ ẹlòmíràn ni.

A ka ìbò kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Sọ̀rọ̀-Jẹ́jẹ́ wọlé. Ibo ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òpópónà ṣe rí fún ọ? Ọkùnrin náà fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n kàn ń patẹ́wọ́ fún ètè rẹ̀. Ìyá Alápò jó dé iwájú ilé wa. Mo wọlé, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, fóònù dún, ìwọ ni.

O béèrè bí ọjọ́ ṣe lọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Mo sọ ti ẹ̀rọ, mo sọ ti òjò, mo sọ bí èmi ìyá arúgbó ṣe ń rá bàbà lẹ́yìn ẹ̀rọ láìsí ìborí lórí, tí mò ń ṣa ìwé ìbò nílẹ̀ bí adìyẹ tó rí àgbàdo. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi ẹsẹ̀ mi fi tutù. Ìgbà náà lo bi mí pé, "Màmá, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ìwé yẹn já bọ́?" Mo ní èmi àti Ọlọ́run nìkan ni. O ní, "Ẹ ti ṣiṣẹ́ jù lónìí. Ẹ lọ sinmi." Mo lọ sùn pẹ̀lú ìdùnnú pé mo bí ọmọ tó mọ̀ pé ó ti rẹ ìyá òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Òkúta-Dowó lọ sí kóòtù. Ìwọ náà pè mí, o ní iṣẹ́ ńlá kan wọlé sí ọ́fíìsì yín, o ò ní ráàyè pè mí fún ìgbà díẹ̀. Mo gbàdúrà fún iṣẹ́ ńlá náà, ọmọ mi. Mo gbàdúrà fún un lórí ìkúnlẹ̀, kí ó yọrí sí rere fún ọ, kí àwọn ọ̀gá rẹ yìn ọ́. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti wá jẹ́rìí, mo wọ kóòtù, mo rí ọ lẹ́yìn àgbà lọ́yà onírun funfun tó ń ṣojú Òkúta-Dowó. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ojú mi ló rí ọ kí ọgbọ́n mi tó rí ọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sí ọ. Lẹ́yìn náà ni mo wo àga tí o jókòó lé àti ẹ̀gbẹ́ tí àga náà wà. O ò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, pé agbẹ̀bí pàápàá kì í yan ẹni tí yóò gbẹ̀bí fún.

Lọ́yà tiwa, ọmọbìnrin kékeré kan tó gba ẹjọ́ náà ṣe nítorí Ọlọ́run, ṣe dáadáa. Onírun funfun kọ́kọ́ ní àpótí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ara ètò ìdìbò, nítorí kò ní iná, kò sì ní ọpọlọ. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé òfin, ó ka ohun tí òfin pè ní ètò ìdìbò, ó sì fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ àpótí náà. Adájọ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìborí, mo ṣàlàyé, àwọn aṣojú méjèèjì náà jẹ́rìí sí i, adájọ́ tún mi orí. Àwọn èèyàn wa tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo ti ń wo ọ̀nà àga mi.

Ìgbà náà ni o na ọrùn, o sọ ohun kan sí onírun funfun létí. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pè mí ní Màmá. Ó ní, "Màmá, nígbà tí ìborí yẹn yọ̀, ǹjẹ́ ìwé kankan já bọ́ sílẹ̀? Ta ló sì dá a padà?"

Ọmọ mi, mo wò ọ́. Gègé ọwọ́ rẹ lo ń wò. Mo lè ní rárá. Ta ló máa já irọ́ mi? Ọlọ́run kì í jẹ́rìí ní kóòtù, ìwọ náà ò sì lè dìde láàárín gbogbo èèyàn kí o ní ìyá rẹ ń purọ́. Mo ro gbogbo ìyẹn lójú ẹsẹ̀, ó yà mí lẹ́nu bí orí arúgbó ṣe lè yá tó. Ṣùgbọ́n mo ti búra. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe agbẹ̀bí, mi ò parọ́ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò ké. Mo ní, "Ó já bọ́. Èmi ni mo ṣà á." Ó béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Mo ní mi ò kà á. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó sì jókòó bí ẹni tó jẹun yó.

Adájọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ wúwo nígbà tó ń dájọ́. Ó ní lóòótọ́ ni àpótí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ara ètò ìdìbò. Ṣùgbọ́n òfin ti sọ ohun tí dídì ìbò jẹ́: kí òǹdìbò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìwé síbẹ̀, kí ìwé náà sì wà níbẹ̀ títí di àkókò kíkà. Ìwé tó jáde tí ọwọ́ ẹlòmíràn dá padà, kì í ṣe ìbò tí a dì mọ́. Kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jáde yàtọ̀ sí èyí tí kò jáde, nítorí náà kò sí èyí tí òun lè kà nínú wọn. Gbogbo àpótí náà lọ. Ó ku ìbò àárọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé ti àwọn ará iwájú títì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òkúta-Dowó di aṣojú wa. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, ẹ ti gba ẹnu ọ̀nà àwọn lọ́yà jáde.

Mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Ní ìdí omi ẹ̀rọ, níbi tí mi ò tíì dé rí kí wọ́n má bá mi gbé korobá, wọ́n kẹ̀yìn sí mi nígbà tí wọ́n rí mi. Ẹnìkan wá sọ ọ́ sí ẹ̀yìn mi, kò pariwo, kò sì rọra: "Ìyá ń gbẹ̀bí, ọmọ ń sìnkú." Àwọn kan gbà pé èmi àti ìwọ la jọ gbìmọ̀ rẹ̀, pé mo ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà kí o lè rí nǹkan sọ. Obìnrin tí mo gbẹ̀bí ọmọ mẹ́rin fún ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Bí wọ́n bá ní ilé wa ni ikú ti jáde, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jiyàn?

Sọ̀rọ̀-Jẹ́jẹ́ wá bá mi ní ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má bẹ òun. Ó ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Bí ẹ bá purọ́ kí n lè dé orí àga yẹn, irú ìjókòó wo ni màá jókòó?" Lẹ́yìn náà ó wo ìta, ó ní agbára òun àti àwọn èèyàn òun ò gbé e láti lọ sí kóòtù òkè. Ó kí mi, ó lọ. Ì bá ṣe pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ìyá Alápò ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó tilẹ̀ ní bátìrì rédíò ti tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu ọmọdé pamọ́? Ọmọ aládùúgbò kan ló sọ fún Bàbá Afọ́kùúta. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lórí ibùsùn, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní mi ò dìbò." Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì fẹ́ tán. Mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ka òfin fún un ni? Kò lo oṣù náà parí. Kò sí ẹnì kan láti kúárì níbi ìsìnkú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fọ́ òkúta lọ́wọ́ bí a ṣe ń gbé e wọ inú ilẹ̀, a sì ní láti dúró kí ìró náà kọjá kí a tó parí àdúrà.

Àṣẹ kúárì ti jáde. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn ilé tí yóò kúrò. Wọ́n sàmì sí ilé ìwòsàn àtijọ́, níbi tí mo ti bí ọ. Wọ́n sàmì sí ti Ìyá Alápò. Tiwa, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó bọ́ sẹ́yìn ibi tí àmì náà mọ díẹ̀ ni, ìyẹn ni mo rò, ṣùgbọ́n gbogbo òpópónà ló ní ìwọ lo bá wa sọ ọ́. Mi ò mọ èyí tó burú jù, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní o ò kọ òfin, wàá ní lọ́yà gbọ́dọ̀ lo ohun tó bá mọ̀ fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Wàá ní ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, òfin kà á sí. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ. Bí òfin ṣe wà nìyẹn. Bí kì í bá ṣe tiwa ni, èmi náà lè ní kí wọ́n má ka ìwé tó ti bọ́ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ ni yóò dá a padà bó ṣe wà. Èmi àti òfin ò jà. Òfin wá bá mi bí àlejò, ó bi mí, mo dá a lóhùn. Ìwọ ni mo bá ní ọ̀rọ̀, nítorí kì í ṣe òfin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi wà nínú omi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Nígbà tí o béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ìwé já bọ́, ẹjọ́ kankan ò tíì sí. Nítorí náà, ọmọ mi lo jẹ́ nígbà tí o béèrè. Ìgbà wo lo wá di lọ́yà sí mi? O ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi pè mí pé, "Màmá, wọ́n á bi yín ní nǹkan báyìí o." Òótọ́ náà ni ǹ bá sọ, o sì mọ̀ mí tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ mi lẹ gbára lé, ìwọ àti onírun funfun. Ẹ mọ̀ pé mi ò ní purọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo fi tọ́ ọ dàgbà, òun lo mú lọ tà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nítorí náà mo ti pinnu ohun kan. Láti òní lọ, lẹ́tà ni màá máa kọ sí ọ. Ohun tí mo bá fẹ́ kí o mọ̀, màá kọ ọ́, màá kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́, kí n lè mọ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Bí o bá wálé, wàá bá oúnjẹ nílé, wàá bá ibùsùn rẹ ní títẹ́, a ó sì sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn bí àwọn tó pàdé nínú ọkọ̀. Ibi tí agbára mi mọ báyìí nìyẹn. Má bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ mi ni ọ́, kò sì sí adájọ́ tó lè dá ìyẹn nù. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ nínú ìrìn àjò. Kí iṣẹ́ rẹ máa gbè ọ́, kí ó má sì gbé ọ mì. Kí o bí ọmọ tí yóò lè jókòó tì ọ́, kí o sọ gbogbo inú rẹ fún un, kí o sì sùn lẹ́yìn náà. Kí ọjọ́ tí ìwọ náà bá sọ òótọ́, kó má jẹ́ ẹni tó sún mọ́ ọ jù ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Àmín.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó bí ọ fúnra rẹ̀.

Àfikún: Bí mo ṣe ń lẹ àpòòwé yìí ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. Orúkọ rẹ ló wà lójú rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi dún tán.